Bí Prìńtà Wi-Fi Bá Dákẹ́ Mọ́ Linux Lọ́wọ́: Ẹ Tọ Ọ̀nà Láti Ìdí Prìńtà Wá

Aago méje alẹ́ kù díẹ̀ nígbà tí ọmọbìnrin kan wọ ìsọ̀ mi ní Lágere, fláàṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún tó kẹ́yìn ni, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ó ní, "Ẹ kú alẹ́ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ project mi jáde, àárọ̀ ọ̀la ni mo fẹ́ gbé e fún àwọn tó máa dì í." Ojú ìwé 74 ni. Mo fi ránṣẹ́ sí prìńtà, prìńtà ò mira. Mo tún fi ránṣẹ́, kò sí nǹkan kan. Mo pa á, mo tàn án. Mo yọ prìńtà náà kúrò lórí Ubuntu, irú Linux tó wà lórí laptop mi, pátápátá pé kí n tún un fi sí i, kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ wá rí i mọ́ rárá. Ọmọ ọlọ́mọ ti ń sunkún lórí bẹ́ǹṣì kí n tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti mú iná lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ráútà kú, laptop mi sì fò sórí hotspot fóònù mi. Nígbà tí iná dé, ráútà jí, prìńtà padà sọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n laptop jókòó sórí fóònù. Orí tábìlì kan náà ni laptop àti prìńtà wà, wọn ò sì lè gbóhùn ara wọn.

Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta tí mo fi tú ohun tí kò bàjẹ́. Láti ọjọ́ náà, mi ò kì í yọ ohunkóhun kúrò mọ́ kí n tó mọ ibi tí ọ̀nà ti dí. Iṣẹ́ tí ẹ bá fi ránṣẹ́ a kọ́kọ́ gba ọwọ́ CUPS, ìyẹn ètò tó ń bójú tó ìwé títẹ̀ nínú Linux. Á bọ́ sórí Wi-Fi laptop, á gba ọ̀dọ̀ ráútà, kó tó dé ọ̀dọ̀ prìńtà. Ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló máa ń dí. Ìdí prìńtà ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé níbẹ̀ ni ojú ti lè rí nǹkan jù.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lè máa rò ó pé kí ló gbé Linux dé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tẹ ìwé. Fláàṣì akẹ́kọ̀ọ́ ni. Fáírọ́ọ̀sì tó ń sọ gbogbo fódà di shortcut, Windows ló ń bá jà. Tí ó bá dé orí Ubuntu, kò rí nǹkan ṣe. Ìwé títẹ̀ lórí Linux náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Michael Sweet ló kọ CUPS, ọdún 1999 ló kọ́kọ́ jáde. Apple gbà á sórí Mac ní 2002, wọ́n sì ra kóòdù rẹ̀ ní 2007. AirPrint tí iPhone fi ń tẹ ìwé láti 2010, orí IPP, èdè tí CUPS fi ń bá prìńtà sọ̀rọ̀, ni wọ́n gbé e kà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ra prìńtà tókúnbọ̀ pé kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ń ṣe AirPrint. Bí ó bá ń ṣe é, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé Linux á lò ó láìwá driver kankan, ìyẹn ògbufọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà àti prìńtà.

Nínú gbogbo àpẹẹrẹ tó wà nísàlẹ̀, mo pe prìńtà ní Lagere, mo sì fún un ní àdírẹ́ẹ̀sì 192.168.1.50. Ẹ fi ti yín rọ́pò wọn.

1. Ẹ jẹ́ kí prìńtà fẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀

Ẹ má tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ẹ wò ó bóyá pépà wà nínú rẹ̀, bóyá ìdérí rẹ̀ pa dé, bóyá ìǹkì tàbí tónà ò tíì tán. Lẹ́yìn náà ẹ wo iná Wi-Fi ara rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ HP, bí iná búlúù yẹn bá dúró gbọin, ó ti wọlé sórí Wi-Fi. Bí ó bá ń ṣẹ́jú, ó ṣì ń wá ọ̀nà.

Iná nìkan ò tó. Ẹ ní kí prìńtà tẹ ìwé ìròyìn nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ jáde. Èyí tó bá ní ojú, ẹ wọ Settings tàbí Network lórí rẹ̀, ẹ ó rí i níbẹ̀. Èyí tí kò lójú, bọ́tìnnì kan tàbí méjì lẹ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ìwé kékeré tó bá a wá nínú páálí ló máa sọ èyí tó jẹ́. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wá lórí ìwé náà: orúkọ Wi-Fi tó wà lórí rẹ̀, àdírẹ́ẹ̀sì IP rẹ̀, àti àdírẹ́ẹ̀sì MAC, èyí tí nọ́ńbà àti lẹ́tà wọnú ara wọn.

Bí àdírẹ́ẹ̀sì IP bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, ráútà ò fún prìńtà ní àdírẹ́ẹ̀sì kankan, òun ló fún ara rẹ̀ ní èyí tí kò wúlò. Bí ó bá jẹ́ 0.0.0.0, kò sí lórí Wi-Fi rárá. Nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ ò tíì kan Linux. Ẹ pa ráútà àti prìńtà. Ẹ tan ráútà, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú méjì títí iná rẹ̀ á fi balẹ̀, kí ẹ tó tan prìńtà. Nílùú wa tí iná ń lọ tó ń bọ̀, ètò títan nǹkan yìí ṣe pàtàkì: bí gbogbo wọn bá jí lẹ́ẹ̀kan náà, prìńtà lè ti wá ráútà títí kó rẹ̀ ẹ́ kí ráútà tó ṣe tán.

Ẹ má fi prìńtà laser sórí UPS o. Nígbà tí ó bá ń gbóná láti lẹ tónà mọ́ pépà, iná tó ń fà lẹ́ẹ̀kan máa ń ju agbára UPS kékeré lọ. Ráútà ló yẹ kí ẹ gbé sórí UPS, torí iná tó ń jẹ kò tó nǹkan, òun sì ni gbogbo wọn ń wojú rẹ̀.

2. Ṣé Wi-Fi kan náà ni wọ́n wà?

Ibí yìí ló mú mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ ṣí Terminal, ìyẹn ojú tí a ti ń kọ àṣẹ fún Linux, kí ẹ kọ:

nmcli device status
ip -4 addr

Èkíní á sọ orúkọ Wi-Fi tí laptop wà lórí rẹ̀. Èkejì á fi àdírẹ́ẹ̀sì laptop hàn, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ inet. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí prìńtà tẹ̀ jáde. Lórí Wi-Fi ilé tàbí ti ìsọ̀, nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ sábà máa ń bára mu: bí prìńtà bá jẹ́ 192.168.1.50, ó yẹ kí laptop náà jẹ́ 192.168.1 pẹ̀lú nọ́ńbà mìíràn lẹ́yìn. Bí laptop bá ń sọ 192.168.43 nígbà tí prìńtà ń sọ 192.168.1, ilé wọn ò jọ kan ara. Ẹ dá laptop padà sílé:

nmcli --ask device wifi connect "Orúkọ Wi-Fi yín"

Kó má bàa tún fò lọ sórí fóònù nígbà tí iná bá lọ, ẹ sọ fún un pé kó má dá wọ orí hotspot yẹn mọ́ àfi tí ẹ bá ní kó wọ̀ ọ́:

nmcli connection modify "Orúkọ hotspot yín" connection.autoconnect no

Àṣẹ kan ṣoṣo yìí ti gbà mí lọ́wọ́ wàhálà ju gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀ níhìn-ín lọ.

Àwọn kan wà tí kò ní ráútà, tó jẹ́ hotspot fóònù tàbí MiFi ni wọ́n fi ń so prìńtà mọ́ laptop. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti máa ń kọsẹ̀. Ọ̀pọ̀ prìńtà olówó pọ́ọ́kú ò gbọ́ ju ìgbì Wi-Fi 2.4 GHz lọ. Bí fóònù bá ń ta hotspot lórí 5 GHz, prìńtà ò ní rí i láéláé, bí ẹ tilẹ̀ gbé e lé fóònù lórí. Ẹ wọ Settings hotspot lórí fóònù, kí ẹ sọ band di 2.4 GHz. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ààbò: bí wọ́n bá ti ráútà pa mọ́ WPA3 nìkan, prìńtà àtijọ́ tí kò mọ̀ ju WPA2 lọ ò ní lè wọlé. Àwọn MiFi mìíràn náà ò lè gba ju ẹ̀rọ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí àwọn oníbàárà tó jókòó bá ti fi fóònù wọn kún un, prìńtà lè má rí àyè.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀. Dátà tó tán ò kan prìńtà. Mo ti rí ẹni tó rin láti Ẹnuwá wá sí Lágere láti wá ra dátà kó lè tẹ ojú ìwé méjì jáde, prìńtà sì wà nílé rẹ̀. Láti laptop dé prìńtà, iṣẹ́ náà ò jáde nínú ilé. Ráútà tàbí MiFi kàn ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni. Bí dátà bá jẹ́ òfo, ìwé á ṣì jáde.

3. Ẹ pè é kí ẹ wò ó bóyá á jẹ́

ping -c 4 192.168.1.50

Bí ìdáhùn mẹ́rin bá padà wá, ọ̀nà ò dí láàárín laptop àti prìńtà, ẹ lè fò lọ sí ìgbésẹ̀ kẹrin. Ẹ tún lè kọ àdírẹ́ẹ̀sì náà sórí Firefox: ọ̀pọ̀ prìńtà Wi-Fi ló ní ojú ìwé tirẹ̀ tó máa ṣí, tí ẹ ó ti rí bí ìǹkì ṣe kù sí.

Bí ìdáhùn ò bá wá, tó sì dá yín lójú pé orí Wi-Fi kan náà ni àwọn méjèèjì wà, ẹ fura sí ráútà. Ètò kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AP Isolation tàbí Client Isolation. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹ̀rọ kan má lè rí ẹ̀rọ kejì. Ó dára fún ibi tí èrò pọ̀ sí, ṣùgbọ́n ó ń pa prìńtà. Wi-Fi àlejò, ìyẹn Guest, sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wọ ojú ìwé ráútà, kí ẹ pa á. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé hostel, Wi-Fi tó bá ń ní kí ẹ kọ orúkọ àti páswọ́ọ̀dù sórí ojú ìwé kan kí ẹ tó lò ó, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀. Prìńtà ò lè kọ nǹkan sórí ojú ìwé yẹn. Hotspot fóònù yín tàbí wáyà USB ni kí ẹ lò.

Nígbà mìíràn ping á dáhùn, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí ìwé ń gbà wọlé á wà ní títì. 631 ni ẹnu ọ̀nà IPP, 9100 sì ni èyí tí ọ̀pọ̀ prìńtà àtijọ́ ń lò. Ẹ kan ilẹ̀kùn méjèèjì wò:

nc -zv 192.168.1.50 631
nc -zv 192.168.1.50 9100

Èyí tó bá sọ pé succeeded ló ṣí. Ẹ fi sọ́kàn, ẹ máa lò ó láìpẹ́.

4. Ẹ bi CUPS léèrè

lpstat -t

Àṣẹ yìí nìkan á sọ ohun tó pọ̀ fún yín. Ìlà àkọ́kọ́ á sọ bóyá CUPS ń ṣiṣẹ́: scheduler is running. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ jí i:

sudo systemctl restart cups

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá ìlà tó sọ̀rọ̀ nípa prìńtà yín. Bí ẹ bá rí disabled níbẹ̀, ẹ ti mú olè náà. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé iná lọ nígbà tí ìwé ń lọ lọ́wọ́, CUPS pe prìńtà títí, kò dáhùn, ló bá dá ìlà náà dúró. Iná á padà dé, prìńtà á jí, ṣùgbọ́n CUPS ò ní fi nǹkan ránṣẹ́ mọ́ títí ẹnì kan á fi sọ fún un pé ó ti tó. Gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ń fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ṣe ló ń tò sẹ́yìn ara wọn. Kí ẹ tó tú u sílẹ̀, ẹ wo ohun tó wà lórí ìlà:

lpstat -o Lagere

Ẹ má fo èyí. Ẹni tó bínú tẹ Print nígbà mẹ́fà, tó wá tú ìlà sílẹ̀ láìwò ó, ẹ̀dà mẹ́fà ló máa jáde, pépà àti tónà rẹ̀ á sì lọ. Bí ẹ ò bá fẹ́ wọn mọ́:

cancel -a Lagere

Nígbà náà kí ẹ wá tú u:

sudo cupsenable Lagere
sudo cupsaccept Lagere

Kó má bàa máa dá ara rẹ̀ dúró nígbàkígbà tí iná bá lọ, ẹ ní kó máa gbìyànjú padà:

sudo lpadmin -p Lagere -o printer-error-policy=retry-job

Bí ó bá ń kọ̀ láti gba iṣẹ́ tuntun láìsí àlàyé, ẹ kọ df -h kí ẹ wò ó bóyá àyè kù lórí dísíkì. Inú /var/spool/cups ni iṣẹ́ ń dúró sí kó tó lọ. Bí dísíkì bá kún, kò sí ibi tó máa jókòó sí.

5. Àdírẹ́ẹ̀sì tó yí padà

Èyí ló wọ́pọ̀ jù lẹ́yìn ti hotspot. Nínú ohun tí lpstat -t sọ, ìlà kan wà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú device for Lagere. Ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì tó wà níwájú rẹ̀. Ṣé òun náà ló wà lórí ìwé tí prìńtà tẹ̀ jáde? Bí ráútà bá kú tó sì jí, ó lè pín àdírẹ́ẹ̀sì lọ́tọ̀: kó fún prìńtà ní 53, kó sì fún fóònù ẹnì kan ní 50 tó jẹ́ ti prìńtà tẹ́lẹ̀. CUPS á máa kan ilẹ̀kùn ilé tí onílé ti kó kúrò. Àtúnṣe rẹ̀ kò le:

sudo lpadmin -p Lagere -v ipp://192.168.1.53/ipp/print

Ìyẹn á gbà yín lónìí. Ọ̀la ńkọ́? Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ wọ ojú ìwé ráútà, níbi tí wọ́n kọ Address Reservation tàbí DHCP Reservation sí. Ẹ mú àdírẹ́ẹ̀sì MAC tí ẹ rí lórí ìwé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì IP kan sílẹ̀ fún un. Láti ìgbà náà, ráútà ò ní fún ẹlòmíràn mọ́. Mo kọ àdírẹ́ẹ̀sì náà sórí sẹ́lótéèpù funfun, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí prìńtà, tí ẹnikẹ́ni tó bá dúró nísọ̀ fún mi á fi rí i.

Ẹ̀yin tó ń lo hotspot fóònù ò ní rí ètò yìí. Ọ̀pọ̀ Android tiẹ̀ máa ń yí gbogbo àdírẹ́ẹ̀sì padà nígbàkígbà tí ẹ bá tún hotspot tàn. Fún irú èyí, ẹ fi orúkọ pe prìńtà dípò nọ́ńbà. Ẹ kọ:

sudo lpinfo -v

Bí ìlà kan bá jáde tó ní dnssd nínú, ẹ da gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ network kọ, kí ẹ fi rọ́pò ohun tó wà lẹ́yìn -v nínú àṣẹ lpadmin òkè yìí. Orúkọ yẹn kì í yí padà bí àdírẹ́ẹ̀sì bá tilẹ̀ yí.

6. Bí Linux ò bá rí prìńtà rárá

Ping ń dáhùn, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ní kí Ubuntu wá prìńtà, kò rí nǹkan kan. Avahi ló ń ṣe iṣẹ́ ìwákiri yẹn. Bí ẹni ń kígbe láàárín ọjà ni: prìńtà á kígbe orúkọ rẹ̀, Avahi á gbọ́. Ẹnu ọ̀nà 5353 ni igbe náà ń gbà wọlé.

systemctl status avahi-daemon
avahi-browse -rt _ipp._tcp

Bí kọ̀ǹpútà bá sọ pé òun ò mọ àṣẹ kejì, ẹ fi avahi-utils sí i. Bí Avahi bá ń ṣiṣẹ́ tí kò sì gbọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ wò ó bóyá firewall, ẹ̀ṣọ́ tó ń ti ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà, ló dí i létí. Lórí Ubuntu tí ẹ bá ti tan ufw, ìyẹn firewall rẹ̀:

sudo ufw allow 5353/udp

Lórí Fedora, irú Linux mìíràn:

sudo firewall-cmd --permanent --add-service=mdns
sudo firewall-cmd --reload

Ẹ ò sì ní láti dúró de Avahi. Bí ẹ bá ti mọ àdírẹ́ẹ̀sì prìńtà, tí ẹnu ọ̀nà 631 sì ṣí, ẹ fi ọwọ́ ara yín fi í sí i. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù nìyí:

sudo lpadmin -p Lagere -E -v ipp://192.168.1.50/ipp/print -m everywhere

Ọ̀rọ̀ everywhere yẹn ń sọ fún CUPS pé kó bi prìńtà fúnra rẹ̀ léèrè ohun tó lè ṣe: bóyá ó ní àwọ̀, bóyá ó lè tẹ ẹ̀yìn àti iwájú, irú pépà tó ń gbà. Ẹ dán an wò:

lp -d Lagere /etc/hosts

Bí ìlà ọ̀rọ̀ díẹ̀ bá jáde sórí pépà kan, iṣẹ́ ti parí.

7. Bí prìńtà bá ń tu ìsọkúsọ

Ojú ìwé kan, àmì tí kò nítumọ̀ kan tàbí méjì lórí rẹ̀, òmíràn tún tẹ̀ lé e, òmíràn, òmíràn. Bí ẹ bá rí èyí, ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ fa pépà jáde nínú prìńtà. Lẹ́yìn náà kí ẹ pa iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú cancel -a, kí ẹ wá pa prìńtà kí ẹ sì tàn án kí èyí tó kù nínú orí rẹ̀ lè pòórá. Bí ẹ bá kọ́kọ́ sáré sídìí kọ̀ǹpútà, pépà ogún á ti lọ.

Ohun tó fà á ni pé driver tí ẹ fún un kì í ṣe tirẹ̀. Driver ni ògbufọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà àti prìńtà. Bí ògbufọ̀ bá ń sọ èdè mìíràn, prìńtà á kàn máa tẹ ohun tó gbọ́. Prìńtà tí kò gbọ́ IPP Everywhere, ìyẹn ọ̀nà everywhere tí a lò ní ìgbésẹ̀ kẹfà, ló sábà máa ń ní ìṣòro yìí. Fún HP, ẹ fi hplip sí i:

sudo apt install hplip
hp-setup 192.168.1.50

Àwọn laser HP kékeré kan, irú LaserJet P1102w, ń fẹ́ nǹkan kan sí i tí kì í bá hplip wá, plugin ni wọ́n ń pè é:

hp-plugin

Dátà lẹ máa nílò fún èyí, torí ó máa wà á wálẹ̀. Ẹ rántí pé plugin àti hplip gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀yà kan náà. Bí Ubuntu bá ṣe update tí hplip yí padà, prìńtà tó ń ṣiṣẹ́ lánàá lè dákẹ́ lónìí. Ẹ tún hp-plugin ṣe, yóò jí. Fún ọ̀pọ̀ Epson, printer-driver-escpr ni. Fún laser Brother, printer-driver-brlaser.

8. Prìńtà ní pépà, ó ṣì ń bèèrè pépà

A4 là ń lò nílẹ̀ yìí, milimítà 210 sí 297. Bí wọ́n bá fi èdè Amẹ́ríkà sí kọ̀ǹpútà nígbà tí wọ́n ń gbé Linux lé e, ó lè gbà pé Letter ni pépà wa, èyí tó fẹ̀ ju A4 lọ díẹ̀ tí kò sì gùn tó o. Prìńtà á wo inú ara rẹ̀, kò ní rí Letter, á máa ṣẹ́ iná pupa. Ẹ sọ fún un:

sudo lpadmin -p Lagere -o PageSize=A4

Kí ẹ sì wo inú LibreOffice, níbi Page Style, pé A4 ló wà níbẹ̀. Project tí wọ́n tẹ̀ lórí Letter máa ń yí nọ́ńbà ojú ìwé padà, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì máa jìyà rẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀.

9. Bí gbogbo èyí ò bá ran an

Ẹ jẹ́ kí CUPS kọ gbogbo ohun tó ń ṣe sílẹ̀:

sudo cupsctl --debug-logging
sudo tail -f /var/log/cups/error_log

Ẹ fi ojú ìwé kan ránṣẹ́, kí ẹ máa wò ó. Bí ẹ bá rí Unable to locate printer, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ karùn-ún, àdírẹ́ẹ̀sì ni. The printer is not responding ń dá yín padà sí ìkejì àti ìkẹta. Filter failed, ìgbésẹ̀ keje ni: driver tàbí plugin. Bí ẹ bá parí, ẹ pa á, kó má bàa fi ọ̀rọ̀ kún dísíkì yín:

sudo cupsctl --no-debug-logging

Bí ẹ bá fẹ́ bi ẹlòmíràn léèrè, ẹ da ìlà tó ní ìṣòro náà kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí ẹ fi orúkọ prìńtà àti ohun tí lpstat -t sọ tì í. "Prìńtà mi ò ṣiṣẹ́" ò lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ràn yín lọ́wọ́.

10. Ẹ̀yin tó ń tẹ ìwé fún àwọn ènìyàn

Ní oṣù kẹsàn-án 2024, wọ́n kéde àléébù kan nínú cups-browsed, ètò kékeré tó ń bá CUPS wá prìńtà. Ó ń gba ìròyìn prìńtà láti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà 631, ẹni ibi sì lè fi prìńtà ayédèrú sórí kọ̀ǹpútà yín, kó gba ibẹ̀ ṣe ohun tó fẹ́ bí ẹ bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i. Ẹ máa ṣe update. Bí ẹ bá ti fi lpadmin fi prìńtà yín sí i bí mo ṣe kọ ọ́, ẹ ò nílò cups-browsed:

sudo systemctl disable --now cups-browsed

Ìkejì, bí CUPS bá wà bó ṣe wà, ìwé tí ẹ tẹ̀ kì í kúrò nínú kọ̀ǹpútà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tó bá ti jáde. Ó ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ fún ọjọ́ kan, kí ẹ lè tún un tẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ọmọ ọlọ́mọ, ìwé NYSC, ìwé ilé-ẹjọ́, gbogbo rẹ̀ ló ń gba ọwọ́ wa kọjá. Mo ti sọ fún ti ìsọ̀ mi pé kó má tọ́jú ọ̀kankan:

sudo cupsctl PreserveJobFiles=No

Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dà kejì, kó tún fláàṣì rẹ̀ kì bọ̀ ọ́.